Bí Àgbọ̀nrín Ṣe Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Tú Àṣírí Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ Àwẹ̀ró, dìde lórí ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe àpótí ìjókòó.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀. Kò bà sórí ààrò, kò bà sórí ìkòkò, kò bà sórí èmi tí mò ń pa á. Ó fò títí, ó lọ bà sẹ́nu Àgbọ̀nrín, ó há sáàárín eyín.

Ta ló ń béèrè Ìjàpá níbẹ̀ yẹn? Ìjàpá ò sí nílé lónìí. Ó lọ kí àna rẹ̀, ẹ jẹ́ ó sinmi. Ṣé Ìjàpá nìkan ni yóò máa dá gbogbo ọgbọ́n burúkú inú ayé ni? Àgbọ̀nrín ló kàn lálẹ́ yìí.

Orin wà níbẹ̀ o. Bí mo bá ti ń dá a, kí ẹ̀yin máa wí pé "Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́." Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ.

Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ tún un wí.

Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!

Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá dáa.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan mú láyé àtijọ́. Ó mú tó fi jẹ́ pé odò fúnra rẹ̀ ń wá omi mu. Iná ìgbẹ́ jó koríko tán, ewé gbẹ sórí igi. Àwọn ẹranko inú igbó Àgbọ̀nrín bá pàdé pọ̀. Wọ́n ní kí oníkálùkù máa wá ohun tó bá rí, kí gbogbo wọn máa kó o jọ sábẹ́ igi àràbà, kí wọ́n máa pín in ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Bí a ṣe ń pín nǹkan nílé wa níbí náà ni. Ẹni tó kéré jù ló ń pín. Ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn náà, ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi padà kan ẹni tó pín in. Ìyẹn ni yóò mú èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti jẹ pẹlẹbẹ, á rí èyí tó rọ̀ mú. Ọmọdé tí eyín rẹ̀ le, á bá èyí tó le jà.

Àgbọ̀nrín wá ló kéré jù nínú igbó náà. Òun ló ń pín. Á to ìbẹ́pẹ síbí, á to ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n sọ́hùn-ún, á to àgbálùmọ̀ sáàárín. Bó bá pín in tán, á dúró, á máa gbé itọ́ mì.

Ìmàdò á dé. "Àgbọ̀nrín, ọmọ dáadáa! O mọ nǹkan án pín o!" Á gbé ìbẹ́pẹ, á lọ.

Ọ̀bọ á dé. "Àgbọ̀nrín, ọmọ gidi! Ìyá rẹ kọ́ ọ re!" Á kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á lọ.

Nígbà tó bá fi máa kan Àgbọ̀nrín, kí ló kù? Èkùrọ́ gbígbẹ ni. Èkùrọ́ àti gbòǹgbò igi. Àgbọ̀nrín á máa wo èkùrọ́, èkùrọ́ náà á máa wò ó. Kẹ́rẹ́wù, kẹ́rẹ́wù, á máa fọ́ ọ jẹ. Ó ń yó o, kò kú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìbẹ́pẹ.

Ìgbà tó pín in lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, inú bí i. Ó gba ilé Òkété lọ. Òkété yìí, ẹ mọ̀ ọ́n, onírùngbọ̀n imú gígùn, tó ń gbé inú ihò. Bó o bá ń wá ìmọ̀ràn tí ìyá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

"Ẹ kúulé o, Bàbá Òkété."

"Ta nìyẹn? Má fi pátákò rẹ tẹ ilé mi wó o!"

"Èmi Àgbọ̀nrín ni, sà. Mo fẹ́ dàgbà."

"Máa jẹun, máa sùn. Wàá dàgbà."

"Kó tó di ọjọ́ ìpín tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ẹ, sà."

Òkété rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, iyẹ̀pẹ̀ ń já bọ́ láti òkè ihò rẹ̀. "Ọdún mélòó lo ní lọ́wọ́ báyìí?"

"Ọdún kan ààbọ̀."

"Mélòó lo wá fẹ́?"

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di ọgọ́fà."

"Ọgọ́fà! Kì í ṣe ogójì, kì í ṣe ọgọ́ta! Ó dáa, jókòó. Ṣùgbọ́n o ò lè dàgbà níbí o, gbogbo ayé ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Òdìkejì odò ni kó o ti lọ dàgbà. Wọn ò mọ̀ ọ́ níbẹ̀."

Òkété bu eérú, ó fi ra irùngbọ̀n Àgbọ̀nrín títí ó fi funfun bí òwú. Ó fẹ́ fún un ní ọ̀pá ìtìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn, wọn ò mọ èyí tí yóò fi di ọ̀pá náà mú. Wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, ó kọ́ ọ ní ikọ́ dípò ẹ̀. "Húkọ́!" "Úhù." "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn." "Ùhúùùùn!" "Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn tó ọgọ́rin."

Ó wá gbé ìwo àgbà àgbọ̀nrín kan tó ti kú tipẹ́ jáde láti inú ihò. Ó ga, ó lọ́, ó ní kókó lára. Ó po oje igi, ó fi lẹ ìwo ńlá yìí bo àwọn ìwo kékeré tó wà lórí Àgbọ̀nrín. Orí tẹ̀. Àgbọ̀nrín ń ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ru igi ìdáná.

Òkété ní, "Ó ku eyín. Àgbàlagbà ọlọ́gọ́fà ọdún wo leyín rẹ̀ á to báyìí? Ya ẹnu."

Àgbọ̀nrín ya ẹnu. Òkété gbé òkúta.

Gbò!

"Yéè!"

Gbò!

"Yéè, ìyá mi o!"

Gbò! Gbò! Eyín iwájú tòkè já sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n yín. Ẹyọ kan kò kù.

"Ó ku ti ẹ̀yìn," ni Òkété wí, ó tún gbé òkúta.

Àgbọ̀nrín pa ẹnu dé pámú. Ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ látinú imú. "Ó tó! Ta ló máa tanná wo ẹ̀yìn ẹnu mi? Bí ẹ bá tún yọ ìyẹn, kí ni mo máa fi jẹ ìbẹ́pẹ tí mò ń torí ẹ̀ jìyà?"

Òkété ju òkúta sílẹ̀. "Mi ò parí iṣẹ́ mi o. Bó bá bàjẹ́, má dárúkọ mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi fi eyín ẹ̀yìn yẹn pamọ́. Mò ń bọ̀ wá béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Àgbọ̀nrín sọdá odò. Ọjọ́ ìpín ni lọ́hùn-ún náà, ọ̀sán gangan. Òòrẹ̀ ti pín in tán, wọ́n tò yí ká. Ìyá Ìnàkí ló dàgbà jù níbẹ̀. Irun rẹ̀ ti hewú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, eyín rẹ̀ ti jẹ pẹlẹbẹ bí ọlọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Nǹkan tó bá le kò ṣeé fi sẹ́nu rẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀, wọ́n sì máa ń fi èyí tó rọ̀ jù síwájú fún un. Ó na ọwọ́ sí ìbẹ́pẹ kan tó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

"Ùhúùùùn!"

Gbogbo wọn yíjú. Wọ́n rí irùngbọ̀n funfun. Wọ́n rí ìwo tó fẹ́ kan ẹ̀ka igi. Àlejò náà ń mì, ó ń gbọ̀n, ó wá gbẹ́nu sókè, ó dá orin. Ó yá, ẹ bá mi gbè é:

Èmi bàbá ló dé o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Èmi àgbà ló dé o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ìkòkò omi ìyá mi ló fọ́,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ló di odò tí ẹ̀ ń mu,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ọgọ́fà ọdún ń bẹ lọ́rùn mi,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́, kẹ̀rẹ̀ńjẹ́, kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*

Òòrẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó gún Ọ̀yà tó dúró tì í. Ọ̀yà ké, ó sì dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Ìyá Ìnàkí kò tètè kúnlẹ̀. Ó wò ó. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Èmi mọ òkè ọ̀hún yẹn nígbà tí kò ga ju orúnkún mi lọ."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Àgbọ̀nrín wí, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú ẹnu rẹ̀ fèè. "Èmi ni mo gbé òkúta àkọ́kọ́ síbẹ̀, kí n lè rí nǹkan jókòó lé."

"Bàbá, eyín yín ńkọ́?"

Àgbọ̀nrín gbé ètè òkè sókè. Kò sí ẹyọ kan. Gbogbo wọn ké, "Hàà! Bàbá ni! Bàbá gidi ni!" Ìyá Ìnàkí bá kúnlẹ̀. Kí ló tún máa ṣe?

Àgbọ̀nrín gbé ìbẹ́pẹ. Ó jẹ ẹ́. Omi rẹ̀ ń ṣàn gba irùngbọ̀n eérú. Ó dùn, ó dùn títí ó fi gbàgbé ikọ́.

Ṣé ó wá fi mọ síbẹ̀? Ọ̀kánjúà ò jẹ́! Ó ní, "Èyí ni tèmi. Ti ikọ́ mi dà?" Wọ́n fún ikọ́ rẹ̀ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ti ìwo mi dà? Àwọn náà ti dàgbà." Wọ́n fún ìwo ọ̀tún ní àgbálùmọ̀, wọ́n fún ìwo òsì ní àgbálùmọ̀. Nígbà tó máa kan Ìyá Ìnàkí, ohun tó rọ̀ ti tán. Wọ́n fún un ní èkùrọ́.

Ọjọ́ márùn-ún mìíràn, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Egungun ìhà Ìyá Ìnàkí bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, èèyàn lè máa kà á. Á fi èkùrọ́ sẹ́nu, á máa yí i sọ́tùn-ún, á máa yí i sósì, á tún tu ú jáde bó ṣe wà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín fi òkúta fọ́ ọ," ni Òòrẹ̀ wí.

"O fọ́ ọ lánàá, ọmọ mi. Èyí tó fọ́ náà le jù mí lọ. Mò ń lá a bí ẹni ń lá iyọ̀. Bí òjò ò bá tètè rọ̀, ìdí igi yìí ni ẹ ó ti wá gbé mi nígbà tó ń bọ̀, torí mi ò ní lè dìde mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Òòrẹ̀. Ó ń sunkún lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi àgbà ní ìbéèrè.

Ìyá Ìnàkí ń wọ́ ara lọ sídìí omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló gbọ́ ìró kan lẹ́yìn igbó. Kẹ́rẹ́wù. Kẹ́rẹ́wù. Ó yọjú. Bàbá Àgbọ̀nrín ló kẹ̀yìn síta, tó ń rún nǹkan.

"Bàbá, kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

"Ikọ́ mi ni."

"Ikọ́ tó ń dún kẹ́rẹ́wù?"

"Ikọ́ ayé àtijọ́ ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n."

Ìyá Ìnàkí wo ilẹ̀. Èèpo èkùrọ́ ló kún ibẹ̀! Ẹ gbọ́ mi o, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ tán, ó tún ń jí èkùrọ́ jẹ, torí ó ṣì ń wù ú kó máa fi eyín fọ́ nǹkan! Ìyá Ìnàkí mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ sílé ọdẹ.

Ọdẹ kan wà ní ìlú tó sún mọ́ igbó náà, Ọdẹ́jìmí ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọdẹ ìlú yẹn ní òfin kan: wọn kì í pa ẹran tó bá ṣì kéré. Kó ti dàgbà, kó ti bímọ, kó ti jayé tirẹ̀, kí wọ́n tó nawọ́ ìbọn sí i. Ẹni tó bá pa ọmọdé, wọ́n á gba ìbọn rẹ̀, wọ́n á so ó rọ̀ sókè àjà fún odidi ọdún kan. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń mọ àgbà? Ìwo ni wọ́n ń wò! Bí ìwo bá gùn, wọ́n á ní àgbà ni. Bí ìwo bá kúrú, wọ́n á ní ọmọdé ni. Ẹran mìíràn sì wà tí ìwo rẹ̀ sáré ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣe Ọdẹ́jìmí nìyẹn. Ó pa ọ̀kan oníwo gígùn. Ó gbé e délé, ó ń fi yangàn. Ìyàwó rẹ̀ gbé e kaná. Àfi kí ẹran rọ̀ kí iyọ̀ tó yọ́ nínú ọbẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹran àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran àgbà, o lè gbé e kaná, kó o lọ sóko, kó o dé, kó ṣì máa bá ọ jà. Àwọn ọdẹ bù ú sẹ́nu, wọ́n wo ara wọn. "Ọdẹ́jìmí, ọmọdé lo pa." Wọ́n so ìbọn rẹ̀ rọ̀. Odidi ọdún kan ni Ọdẹ́jìmí fi jókòó sílé tó ń hun agbọ̀n, tí àwọn obìnrin ń kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Alágbọ̀n."

Ọjọ́ tí wọ́n dá ìbọn rẹ̀ padà, ó búra pé òun ò tún ní ṣì í. Ó gun igi kan nítòsí ibi ìpín àwọn ẹranko. Ó jókòó sáàárín ewé. Kò mira.

Ta ló wá ń bọ̀ nísàlẹ̀ tó ń kọrin?

Èmi bàbá ló dé o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ọgọ́fà ọdún ń bẹ lọ́rùn mi,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́, kẹ̀rẹ̀ńjẹ́, kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*

Ọdẹ́jìmí fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ fún ayọ̀. Ọgọ́fà! Tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Kò tún sí pé wọ́n ń so ìbọn rọ̀. Ó yọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ẹranko gbúròó rẹ̀. Pàrà! Gbogbo wọn wọ igbó. Àgbọ̀nrín náà fò, ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ kún ẹnu rẹ̀, ìwo ńlá ọ̀hún sì há sínú ìtàkùn. Ó fà á, kò já. Ó tún fà á. Ó yíjú, ó bá ẹnu ìbọn pàdé.

Ọdẹ́jìmí bọ́ fìlà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

Àgbọ̀nrín gbé ìbẹ́pẹ mì tèèpo tèèpo. "Ta lò ń pè ní bàbá?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú. Ẹ ti jayé tó. Ọgọ́fà ọdún! Ó yẹ kí ẹlòmíràn náà jẹ díẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀."

"Ọmọdé ni mí!"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ọmọdé ni mí, ọmọ kékeré báyìí! Ẹ bi ìyá mi!"

"Mo gbọ́ orin yín, sà."

"Orin yẹn ò tíì parí ni! Ó kù! Ẹ gbọ́ èyí tó kù!"

Ó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbè é, ẹ gbè é!

Èmi ọmọ ló dé o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Èmi àbúrò yín ló dé o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Wàrà ìyá mi ń bẹ lẹ́nu mi,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ní o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*
Ẹ jẹ́ n kẹ́yìn mú o,
*Kẹ̀rẹ̀ńjẹ́, kẹ̀rẹ̀ńjẹ́, kẹ̀rẹ̀ńjẹ́!*

Ẹ gbọ́ ohun tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe? Kí òun kẹ́yìn mú! Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o.

Ọdẹ́jìmí ní, "Irùngbọ̀n funfun yìí ńkọ́?"

"Eérú ni!" Ó fi àgbọ̀n nulẹ̀, eérú kúrò, irùngbọ̀n pupa kékeré yọ.

"Ìwo yìí ńkọ́?"

"Oje igi ni!" Ó fi gbogbo agbára já orí gbà. Pàà! Ìwo ńlá dúró sínú ìtàkùn, Àgbọ̀nrín jókòó sílẹ̀, ìwo kékeré méjì bí àtàǹpàkò wà lórí rẹ̀.

Ojú Ọdẹ́jìmí là. "Hàà! Irú ìwo báyìí ló jẹ́ kí n fi ọdún kan hun agbọ̀n! Mi ò ní gba ìwo gbọ́ mọ́ láyé mi. Ya ẹnu."

Àgbọ̀nrín ya ẹnu. Ọdẹ́jìmí wo iwájú lókè. Gbalasa! Kò sí eyín kan. Ó tún gbé ìbọn sókè. "Bàbá, ẹ ò ṣe fẹ́ràn òtítọ́? Eyín yín ti re tán."

"Òkété ló fi òkúta gbò ó! Ẹ bẹ ẹ̀yìn wò! Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn pátápátá!"

Eyín ẹ̀yìn tí mo ní kí ẹ bá mi pa mọ́ dà? Ẹ kó o wá. Àsìkò rẹ̀ ti tó.

Ọdẹ́jìmí fi ìbọn ti igi. Ó la ẹnu Àgbọ̀nrín, ó ki ìka bọ̀ ọ́. "Ó mú o! Ó gún mi lọ́wọ́!"

"Mo wí fún yín! Ẹ fọwọ́ kan èyí. Eyín wàrà ni, kò tíì re. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, tuntun ti ń tì í sókè. Ẹ wo èyí tó kẹ́yìn gbogbo wọn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú nínú ẹran ìdí eyín. Ṣé eyín àgbà nìyí?"

"Tó bá wá pé ọdún mẹ́ta ńkọ́?"

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí Àgbọ̀nrín ronú. Ọ̀rọ̀ ń tú jáde. "Gbogbo rẹ̀ á ti yọ tán. Ṣóńṣó orí wọn á mú bí ọlọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkúta họ."

"Tó bá di mẹ́fà?"

"Ṣóńṣó á ti máa kú. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú á máa fẹ̀ sí i láàárín funfun rẹ̀."

"Tó bá wá darúgbó?"

"Á jẹ pẹlẹbẹ! Á dán! Kò ní ga ju ẹran ìdí rẹ̀ lọ mọ́, torí koríko tí èèyàn ń lọ̀ lójoojúmọ́, òun náà ń lọ eyín. Kò sí oje, kò sí eérú tó lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n, ẹ dákun, kí lẹ ń bi mí ní gbogbo èyí fún?"

"Mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni," ni Ọdẹ́jìmí wí.

Àgbọ̀nrín pa ẹnu dé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde tán. Ó ti kó gbogbo ìwé ọjọ́ orí ìdílé rẹ̀ lé ọdẹ lọ́wọ́.

Ọdẹ́jìmí dé fìlà, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. "Ọmọdé ni ọ́ lóòótọ́. Máa lọ. Máa dàgbà. Bí a bá tún pàdé, mi ò ní béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ. Mà á kàn la ẹnu rẹ ni." Ó yan lọ sílé, ó ń súfèé.

Kò tíì lọ jìnnà tí igbó fi bú sẹ́rìn-ín. Inú ewé tí wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ! Òòrẹ̀ ń yí nílẹ̀, ẹ̀gún ń gún ilẹ̀. Ọ̀yà ní, "Ọdún kan ààbọ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọdún kan ààbọ̀! Wọ́n tún fi ẹ̀gún gún mi lé e lórí! Àgbọ̀nrín, dìde, kó o dọ̀bálẹ̀ tèmi padà!"

Àgbọ̀nrín dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀yà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Òòrẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kan gbogbo wọn, ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, títí ikùn rẹ̀ fi dọ̀tí. Nígbà tó dé iwájú Ìyá Ìnàkí, kò lè gbé ojú sókè.

Ìyá Ìnàkí ní, "Ikọ́ ńkọ́ o, Bàbá?"

"Ó ti lọ, mà."

"Ó dáa. Ìwọ ló kéré jù níbí. Dìde, pín in."

Àgbọ̀nrín pín in. Ó to ìbẹ́pẹ síbí, ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìyá Ìnàkí na ọwọ́ gbígbẹ rẹ̀, ó mú ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Gbogbo wọn ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omije ń bọ́ lójú rẹ̀. Òòrẹ̀ náà ń sunkún, àmọ́ ti ayọ̀ ni tọ̀tẹ̀ yìí.

Nígbà tó kan Àgbọ̀nrín, èkùrọ́ ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fi eyín iwájú ṣà á. Eyín dà? Ètè ló fi ń lé èkùrọ́ kiri nílẹ̀. Ìyá Ìnàkí wò ó, ó tún wò ó. Ó bu ìbẹ́pẹ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì. Ó na ìdajì sí i.

"Gbà, ọmọ mi. Bó o bá sọ fún mi lọ́jọ́ tó o dé pé ìbẹ́pẹ ló wù ọ́, ǹ bá ti fún ọ."

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí àgbọ̀nrín ò fi ní eyín iwájú lókè títí dòní. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pa ẹnu dé bó bá ń jẹun, tó ń lọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹnì kankan má bàa rí ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tó fi jẹ́ pé bí ọdẹ bá gbé àgbọ̀nrín délé, tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan ní àgbà ni, tí ẹlòmíràn ní ọmọdé ni, ọdẹ àgbà kò ní wo ìwo, kò ní wo irùngbọ̀n. Á kàn la ẹnu rẹ̀, á wo eyín ẹ̀yìn tó wà lágbọ̀n ìsàlẹ̀, á sì sọ iye ọdún rẹ̀. Àgbọ̀nrín ló fẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn.

Àlọ́ mi ti bọ́ kúrò láàárín eyín Àgbọ̀nrín, ó ti fò padà wálé. Bí irọ́ bá wà nínú ẹ̀, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi yìí já bọ́ sórí ẹní. Mo gbọn orí lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Àwẹ̀ró, fọwọ́ kàn án fún mi.

Ó pé?

Ó pé, Ìyá Àgbà!

Ó yá, ẹ gbé ìbẹ́pẹ ọ̀hún wá. Ìwọ tó kéré jù, pín in. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ mú.